Mo Lọ sí Ìbàdàn Kọ́ Bí A Ṣe Ń Fọwọ́ Lẹ́rán

Ẹ̀yin ará Kétu, mo ti dé. Ara mi le, mo tilẹ̀ sanra díẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín mọ́. Mo gbọ́ pé àwọn kan ní ọkọ ni mo lọ fẹ́ ní Ìbàdàn, àwọn kan ní òwò ni mo lọ ṣe. Háà! Ẹnu èèyàn ò ṣé é dí. Iṣẹ́ ni mo lọ kọ́ fún oṣù mẹ́fà, nítorí Rẹ̀mí ọmọ mi ni mo sì ṣe lọ kọ́ ọ.

Gbogbo yín mọ Rẹ̀mí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú ni kò ti bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Kì í ṣe pé ó yadi. Ó ń kí mi láàárọ̀, bí mo bá sì bi í ní nǹkan, á ní "ẹ̀n", á ní "rárá", á ní "mo ti gbọ́". Ó parí. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta lẹ́nu ọmọ tí mo fi inú mi bí. A mú un lọ sọ́dọ̀ fadá, a mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, àbúrò mi ọkùnrin tilẹ̀ ní ká fi pàṣán yọ ọ̀rọ̀ náà jáde. Èmi náà rèé o, èmi tí mo ti fi ogún ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní àwòrán yíyà, tí kíláàsì mi máa ń pa rọ́rọ́ bí mo bá kàn wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. N kò rí ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ọmọ mi.

Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ló sọ fún mi nípa obìnrin kan ní Bódìjà, ní Ìbàdàn, tó ń fi àwòrán yíyà wo ọgbẹ́ ọkàn àwọn ọ̀dọ́ àti àgbàlagbà. Ó ní obìnrin náà máa ń gba akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní, "Àwòrán kẹ̀? Àwòrán tí mo fi ń jẹun?" Mo kọ lẹ́tà sí i, ó fèsì, mo tọrọ àyè lẹ́nu iṣẹ́, mo fi Rẹ̀mí sọ́dọ̀ àbúrò mi, mo gbéra. Ó dá mi lójú ṣáká pé tí mo bá fi máa padà dé, ọmọ yìí á sọ̀rọ̀, ó fẹ́, ó kọ̀.

Ìyá Kútọnu

Ọ̀nà jìn, ọ̀nà burú, mo sì ti dárí ji ọ̀nà. Bí mo ṣe wọ ìlú ni kí n sọ. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Àwọn ológun ṣì wà lórí oyè ní Nàìjíríà nígbà náà, ohun tí mo sì kọ́kọ́ rí ní Ring Road ni mọ́tò tó tò lọ rẹrẹ, n kò rí ìparí rẹ̀. Mo bi awakọ̀ takisí tó gbé mi pé òkú ta ni wọ́n ń sin. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá, epo ni wọ́n ń tò fún."

Epo! Epo tí àwa ń rà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà ní Kétu, tí gbogbo wa sì mọ ibi tó ti ń wá, òun ni àwọn tó ni ín ń sùn tì nílé epo. Mo pa ẹnu mọ́. Ọjọ́ kìíní kọ́ ni àlejò ń sọ gbogbo ohun tó mọ̀.

"Níbo lẹ ti wá, Màmá?"

"Kétu."

"Kétu Èkó?"

"Èwo ni Kétu Èkó? Kétu gan-an. Kétu tó wà kí Èkó tó ní òpópónà, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀."

"Ẹ̀hẹ́n!" Ó gbá ìdarí ọkọ̀ rẹ̀. "Ẹ kúkú sọ pé Kútọnu!"

Mo ṣàlàyé fún un títí a fi dé Agbowó pé Kétu kì í ṣe Kútọnu, pé ọ̀nà tó wà láàárín wọn kì í ṣe ti ẹsẹ̀ kan, pé èdè ibẹ̀ kì í ṣe èdè wa. Ó ń mi orí. Nígbà tí a dé, ó ké sí ìyá onílé tí mo fẹ́ wọ̀ sí lọ́dọ̀, ó ní, "Mọ́mì, ẹ wá o, àlejò yín láti Kútọnu ti dé." Orúkọ tí wọ́n fi pè mí títí mo fi kúrò nìyẹn, Ìyá Kútọnu. Ẹ gbà mí.

Èèyàn dáadáa ni àwọn ará Ìbàdàn, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n kún ilé tí mo wọ̀ sí ní Agbowó, wọn kì í kọjá lára mi láìkúnlẹ̀, "ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kúulé mà, ẹ kú iná mà." Bí iná mànàmáná bá dé, gbogbo àdúgbò á pariwo ayọ̀, àtàgbà àtọmọdé. Ṣùgbọ́n wọn kì í sọ Yorùbá parí. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dáadáa, wọ́n á wá da Gẹ̀ẹ́sì lé e lórí. "Mọ́mì, mo kàn fẹ́ confirm bóyá ẹ ti jẹun ni." Mo ní confirm ta ni? Èmi náà á ṣì í mú, mo á fi Faransé dá wọn lóhùn, a ó jọ dúró, a ó máa wo ara wa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ní Yorùbá mi dùn, pé ó jọ ti ìyá-ìyá àwọn. N kò mọ̀ bóyá oríkì ni tàbí èébú.

Ti oúnjẹ ńkọ́? Búrẹ́dì wọn dùn bí àkàrà òyìnbó, ó sì rọ̀ débi pé bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, kò ní dìde mọ́. Èmi tí mo ti fi gbogbo ayé mi jẹ búrẹ́dì gígùn àwọn Faransé tó le gbagidi lẹ́nu! Àti tíì. Ẹ gbọ́ o, gbogbo ohun gbígbóná tó bá ti wà nínú kọ́ọ̀bù ní Ìbàdàn, tíì ni. Kòkó ni o, tíì ni. Mílíìkì lásán ni o, tíì ni. Mo ní kí wọ́n fún mi ní kọfí, ìyá onílé mi ní, "Ẹ jókòó, mo ń bọ̀, irú tíì wo nìyẹn?" Ohun tó wá bí mi nínú jù lọ ni pé gbogbo àdúgbò gbà pé mo mọ ẹ̀wà àgànyìn sè. Wọ́n ní àwọn èèyàn wa ló ń sè é. Mo ní èmi kò sè é rí láyé mi. Wọ́n ní mo ń ṣe ìrẹ̀lẹ̀ ni. Nígbà tó di oṣù kejì, mo lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ obìnrin kan ní Ṣábó, ará Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé, mo wá ń sè é fún wọn. Wọ́n ní, "Ṣé ẹ rí i? Ẹni tó ni ín ló mọ̀ ọ́n sè."

Yàrá tí kò ní àwòrán lára ògiri

Àǹtí Fadé ni gbogbo ayé ń pe obìnrin tí mo wá bá. Wọ́n á tó ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, okùn ni wọ́n fi so awò ojú wọn kọ́ ọrùn. Òkè òkun ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ náà. Ibi tí ọkọ wọn ń gbé mọ́tò sí tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn ilé ní Bódìjà, ni wọ́n sọ di yàrá iṣẹ́. Tábìlì gígùn kan wà níbẹ̀, àti bébà, kíréyọ̀nù, ọ̀dà, sísọ́ọ̀sì, ìwé ìròyìn àtijọ́, àti ike amọ̀ kan tí wọ́n fi ọ̀rá bò kó má baà gbẹ. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni ògiri. Funfun báláú. Ní kíláàsì tèmi, àwòrán tó dára jù á wà lókè, gbogbo ọmọ á máa wò ó, wọ́n á máa sapá.

Mo béèrè pé, "Àǹtí, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n yà dáadáa nínú àwọn èèyàn yín ni?"

Wọ́n wò mí láti òkè awò ojú wọn. "Kò sẹ́ni tó wá síbí wá fi í hàn ọ́," ni wọ́n wí.

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ mi lọ́jọ́ náà kò gùn. "Má yìn ín. Bí o bá yìn ín, á bẹ̀rẹ̀ sí í yà á fún ọ. Má bú u, kò ní yà mọ́. Má sì tún un ṣe o. Bí o bá fọwọ́ kàn án pẹ́nrẹ́n, ó ti di tìẹ." Mo ní mo ti gbọ́. Lọ́kàn mi mo ní, ṣé nítorí ọ̀rọ̀ yìí náà ni mo ṣe fi ilé sílẹ̀?

Mo wá sọ ti Rẹ̀mí fún wọn. Mo ní kí wọ́n kọ́ mi kíákíá, kí n lè lọ ṣe é fún un. Àǹtí Fadé gbọ́ mi tán, wọ́n ní, "Ọmọ tìẹ kọ́ lo máa fi ṣe iṣẹ́ yìí. Ìyá rẹ̀ ni ẹ́, kò sí ẹlòmíràn tó lè ṣe ìyẹn fún un." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mo rò pé wọn kò mọ irú ẹni tí mo jẹ́.

N kò gbàgbé obìnrin kan tó mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá láti Agbowó. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí kò lọ sílé ìwé mọ́. Àǹtí Fadé bi ọmọ náà pé, "Kí lorúkọ rẹ?" Ìyá rẹ̀ ló dáhùn. Wọ́n bi í bóyá ó sùn dáadáa. Ìyá ní, "Kì í sùn, Àǹtí, á kàn la ojú sílẹ̀ ni." Ó tilẹ̀ bá ọmọ náà sín! Àǹtí Fadé kò bínú. Wọ́n bu amọ̀ kan lé ìyá lọ́wọ́, wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi èyí mọ nǹkankínǹkan lórí bẹ́ǹṣì tó wà níta." Ìyá lọ. Wọn kò sì jókòó kojú ọmọ náà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n jókòó sí, wọ́n fa bébà tiwọn, wọ́n ń ya tiwọn lọ, wọn kò wò ó, wọn kò bi í ní nǹkan kan.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ṣàlàyé fún mi. Wọ́n ní ojú ni àwọn ọ̀dọ́ ń sá fún. Bí o bá kojú wọn, ilé ẹjọ́ ló jọ lójú wọn. Jókòó sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ jọ máa wo nǹkan míràn, ọ̀rọ̀ á jáde fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá wù ú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọmọ náà fi ń ya bébà sí wẹ́wẹ́. Ó kàn ń ya á ni! Bébà gidi! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ padà, ibẹ̀ ló sì ti ní, bíi pé afẹ́fẹ́ ló ń bá wí, "Tíṣà kan ló fi mí ṣẹ̀sín níwájú gbogbo kíláàsì." Àǹtí Fadé ní, "Ìn-ín." Wọ́n ń ya tiwọn lọ. Ọ̀rọ̀ tó kù jáde lọ́jọ́ náà láìsí ẹni tó fà á.

Ọwọ́ òsì

Ti àgbàlagbà yàtọ̀. Àgbàlagbà kì í bẹ̀rù ojú, bébà ni wọ́n ń bẹ̀rù. Gbogbo wọn ló ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà: "Èmi ò mọ̀ ọ́n yà o." Ohun tí Àǹtí Fadé máa ń ṣe fún wọn ni pé wọ́n á ní kí wọ́n fi ọwọ́ òsì yà á. Ẹ rò ó wò.

Bàbá Músílíù ni mo fẹ́ sọ. Awakọ̀ ni bàbá yìí ní gáréèjì Òjóò, ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ń gbé èrò lọ sí Ọ̀yọ́. Ìjàǹbá ọkọ̀ kan ṣẹlẹ̀, àbúrò wọn tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kú, nǹkan kan kò ṣe àwọn fúnra wọn. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ọwọ́ wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọmọ wọn tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló fi ẹ̀bẹ̀ mú wọn wá.

Àǹtí Fadé ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ọwọ́ òsì ni ẹ máa lò."

"Ọwọ́ òsì?" Bàbá fà sẹ́yìn. "Èmi? Ọwọ́ tí mo fi ń fọ ìdí nígbà tí mo bá lọ sẹ́yìn ilé?"

Àǹtí Fadé kúnlẹ̀ lórí eékún kan, obìnrin tó ti òkè òkun dé o. "Ẹ má bínú sà. Kì í ṣe pé kí ẹ fi kí èèyàn. Ọwọ́ ọ̀tún yín ti mọ bí nǹkan ṣe yẹ kó rí jù. Òsì ò lọ sílé ìwé, kò sẹ́ni tó máa retí pé kó mọ̀ ọ́n ṣe."

Bàbá wo ọwọ́ òsì wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Gbà mí lọ́wọ́ àwọn obìnrin yìí, Olúwa." Wọ́n mú kíréyọ̀nù. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ń fa ilà lásán. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta wọ́n ya ọkọ̀ wọn.

Ọjọ́ náà, wọ́n pe Àǹtí Fadé sí tẹlifóònù nínú ilé. Wọ́n ní kí n jókòó ti bàbá. Mo jókòó. Ọkọ̀ náà wà lórí bébà, ó wọ́ síhìn-ín, ó wọ́ sọ́hùn-ún, fèrèsé rẹ̀ dàbí ẹyin, ṣùgbọ́n kò ní táyà. Mo wò ó títí. Mo rò pé bàbá gbàgbé ni. Ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ẹ̀yin èèyàn mi! Ọwọ́ mi lọ kí n tó mọ̀ pé ó lọ. Mo mú kíréyọ̀nù dúdú, mo ní, "Bàbá, ẹ gbàgbé táyà," mo sì yí táyà méjì sí i, róbótó róbótó, kò sí èyí tó wọ́. Ó dára gan-an ni. Mo tilẹ̀ fi nọ́ọ̀tù sí àárín wọn.

Bàbá Músílíù wo bébà náà bí èèyàn ṣe ń wo lẹ́tà tí kì í ṣe tirẹ̀. Wọ́n ká a sí mẹ́rin, wọ́n fi í sí àpò, wọ́n ní, "Ẹ ṣeun o, tíṣà," wọ́n jáde. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e wọn kò wá. Ọ̀sẹ̀ kejì, wọn kò wá.

Mo jẹ́wọ́ fún Àǹtí Fadé, nítorí kò sí ibi tí n bá sá sí. Mo retí pé wọ́n á pariwo. Wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún. "Lọ bẹ̀ wọ́n," ni wọ́n wí. "Bí wọn kò bá padà wá, n kò lè fi ẹlòmíràn sí ọ lọ́wọ́. Máa padà lọ sí Kétu nìyẹn."

Òjóò

Ẹ ò tíì mọ ariwo títí ẹ ó fi dé gáréèjì Òjóò. "Ọ̀yọ́ ọ̀kan! Ọ̀yọ́ ọ̀kan ló kù!" bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ náà kò ní ju èèyàn méjì lọ. Ẹni kan gba báàgì mi, ó ń gbé e lọ sínú ọkọ̀ kí n tó sọ pé n kò rìnrìn-àjò. Mo rí Bàbá Músílíù lórí bẹ́ǹṣì kan lábẹ́ àtíbàbà, wọ́n ń wo àwọn ẹgbẹ́ wọn tó ń wakọ̀ jáde.

Mo kúnlẹ̀. Ní àárín ẹrẹ̀, ní àárín awakọ̀, pẹ̀lú ìró tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

"Ẹ dìde, ẹ dìde, Ìyá Kútọnu," ni bàbá wí, "àwọn èèyàn á rò pé mo gba ìyàwó oníyàwó."

"N kò ní dìde, Bàbá. Mo ba nǹkan yín jẹ́. Mo fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe tèmi."

Wọ́n fà mí dìde, wọ́n ní kí wọ́n gbé mínírà tútù wá fún mi. A jókòó.

"Mo mọ̀ pé ọkọ̀ máa ń ní táyà," ni bàbá wí. "Ọgbọ̀n ọdún! Mo yọ ọ́ ni. Mo yọ ọ́ kó má baà lè kúrò ní gáréèjì lọ́jọ́ náà. Bí kò bá kúrò, àbúrò mi á ṣì wà láyé. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wò ó, ara ń tù mí, ó dúró síbi tó wà. Ẹ̀yin wá fi táyà sí i. Ó sì lọ."

Omi bọ́ lójú mi. Ẹ̀yin ará Kétu, n kò tíì sọ gbogbo rẹ̀ fún yín. Mo ní láti ìgbà tí bàbá Rẹ̀mí ti kú ni ọmọ mi kò ti bá mi sọ̀rọ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn ìsìnkú, Rẹ̀mí ń sọ̀rọ̀. Ó ń sunkún, ó ń bi mí ní ìbéèrè. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo bá a lórí tábìlì, ó ń ya ojú bàbá rẹ̀. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo wò ó. Mo wọ yàrá, mo jáde, mo gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Àgbọ̀n bàbá rẹ kò rí báyìí." Mo pa tirẹ̀ rẹ́, mo ya èyí tó tọ́. Ó wo bébà náà, ó ní, "Ẹ ṣeun, Màmá." Ohùn tí Bàbá Músílíù fi ní "ẹ ṣeun o, tíṣà" gan-an ni. Láti ọjọ́ náà ni. Ikú ni mo ń dá lẹ́bi fún ọdún kan, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ mi ni.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá láàárín ariwo yẹn. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, Àǹtí Fadé pàápàá kò gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Bàbá gbọ́ mi tán.

"Ẹ ti bẹ̀ mí, mo ti gbà," ni wọ́n wí. "Ṣé ẹ ti bẹ ọmọ náà?"

"Kí n bẹ ta ni? Ọmọ tí mo bí?"

"Èmi tí ẹ kò mọ̀ rí lẹ kúnlẹ̀ fún nínú ẹrẹ̀ yìí."

Mo gbé mínírà náà, mo mu ún tán lẹ́ẹ̀kan náà.

Bàbá Músílíù padà wá ní ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí mo fi kúrò. N kò lè sọ fún yín bóyá wọ́n ti wakọ̀. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wọn, mo fi ọwọ́ mi méjèèjì sábẹ́ itan bí ọmọ kíláàsì kìíní, mo ń wo bí wọ́n ṣe ń ya ohun tó wù wọ́n. Ó le ju ohunkóhun tí mo ti ṣe láyé lọ. Mo sì mọ̀ ọ́n ṣe nígbà tó yá, n kò ní fi ìyẹn pamọ́ fún yín. Ọjọ́ tí mo ń lọ, Àǹtí Fadé tó kì í yin èèyàn ní, "O ti ń dákẹ́ dáadáa báyìí." Mo fò sókè.

Ilé

Mo wọ Kétu ní ọ̀sán. Rẹ̀mí wá gba ẹrù lórí mi. Ó ti ga sí i, irùngbọ̀n díẹ̀ ti ń hù. "Ẹ káàbọ̀." Ó gbé ẹrù wọlé. Ọ̀rọ̀ tán.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń gbìyànjú. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹnu mi tí gbogbo yín mọ̀ yìí, ó wúwo. Níbo ni àgbà ti ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ ní Kétu? Bí a bá ṣẹ̀ wọ́n, ẹran la máa ń fi kún oúnjẹ wọn, wọ́n á sì mọ̀. Mo tilẹ̀ fi ẹran kún un. Ó jẹ ẹ́, ó ní ẹ ṣeun.

Ní ọjọ́ kẹrin ó ń ṣẹ́ àgbàdo lẹ́yìn ilé. Mo gbé àpótí, mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo mú ọ̀kan, èmi náà ń ṣẹ́ ẹ. A jọ kọjú sí ọgbà.

Mo ní, "Rẹ̀mí, mo ṣẹ̀ ọ́. Lọ́jọ́ tí ò ń ya ojú bàbá rẹ, n kò yẹ kí n gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ rẹ. Má bínú sí mi."

Ó ń ṣẹ́ àgbàdo lọ. Gbogbo ara mi ń sọ pé kí n sọ̀rọ̀ sí i, kí n ṣàlàyé, kí n bi í pé ṣé ó gbọ́. Mo ṣẹ́ àgbàdo méjì tán, mo ṣẹ́ ẹ̀kẹta.

"Mo mọ̀ pé àgbọ̀n yẹn kò rí bẹ́ẹ̀," ni ọmọ mi wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà sí ti ọkùnrin, n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. "Ojú rẹ̀ ló ń parẹ́ lọ́kàn mi. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré, Màmá. Mo ní kí n tètè yà á kí n tó gbàgbé. Nígbà tí ẹ pa á rẹ́, mo wá mọ̀ pé mo ti gbàgbé. Ẹ̀yin ẹ rántí, èmi ọmọ rẹ̀ kò rántí. Ojú ń tì mí láti wò yín."

Mo ju àgbàdo sílẹ̀.

"Rẹ̀mí, n kò rántí. Káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ ni mo wọ yàrá lọ wò kí n tó gba pẹ́ńsù. Àgbọ̀n orí káàdì ni mo yà fún ọ. Èmi náà ti gbàgbé."

Ó yíjú sí mi. Ojú rẹ̀ kún fún omi, ẹ̀rín sì ń bọ̀ lábẹ́ rẹ̀.

"Òótọ́, Màmá?"

"Òótọ́ ni."

A sunkún, a sì rẹ́rìn-ín, adìẹ ń jẹ àgbàdo wa, a kò lé wọn. Nígbà tó yá ó fi ìka kan abẹ́ àgbọ̀n ara rẹ̀, ó ní, "Àpá kan wà níbí, àbí? Níbi tí kẹ̀kẹ́ ti gbé e ṣubú."

Abẹ ló gé bàbá rẹ̀ níbẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo fi òwú tẹ ojú ọgbẹ́ náà, ní àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Kò sí kẹ̀kẹ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ náà.

Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì sábẹ́ itan, mo ní, "Kẹ̀kẹ́ wo?"

Ọmọ mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀.